Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Iṣẹ́ àti Ìgbé Ayé Àjèjì ní Guangzhou

Láti ìgbà tí mo ti sọ nínú abala yìí pé mo fi ọdún mẹ́jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ní ìlú Guangzhou, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ṣáínà, kí n tó padà wálé sí Ìlọrin, ìwé àwọn òǹkàwé kò yéé wọlé. Àwọn ọlọ́jà Ìpàtà fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta aṣọ níbẹ̀, èyí tí n kò ní dáhùn, nítorí pé iye ọjà kì í dúró de ìwé ìròyìn. Àwọn tó kù béèrè nípa iṣẹ́ àti ìgbé ayé, mo sì mú mẹ́fà nínú wọn. Mo ti yọ orúkọ gbogbo wọn kúrò.

Olùkọ́ kan, Ọ̀fà: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí láti ọdún tó kọjá. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní kí n fi físà arìnrìn-àjò afẹ́ wọ Ṣáínà, pé tí mo bá ti débẹ̀, òun á bá mi wá iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹ̀kọ́ náà á sì bá mi yí físà padà. Bàbá mi ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ọ̀nà tó dára nìyẹn?

Èsì: Kò dára, àbúrò mi, kí Bàbá sì dá ọwọ́ ilẹ̀ títà náà dúró ná. Ní Ṣáínà, lẹ́tà kan ṣoṣo tó wà lára físà rẹ ni ọlọ́pàá fi ń mọ ohun tí o wá ṣe: L ni ti arìnrìn-àjò afẹ́, M ni ti oníṣòwò, X ni ti akẹ́kọ̀ọ́, Z ni ti òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fi L wọlé tó sì ń gba owó oṣù ń ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ, ì báà jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á ní ogún yàrá, ì báà jẹ́ pé ọ̀gá ibẹ̀ ń pè é ní ọmọ. Òfin wíwọlé àti jíjáde tí wọ́n ṣe ní 2012, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2013, là á mọ́lẹ̀: owó ìtanràn 5,000 sí 20,000 yúàn (owó Ṣáínà) fún òṣìṣẹ́ náà, bí ọ̀rọ̀ bá sì le, àtìmọ́lé ọjọ́ 5 sí 15 pẹ̀lú. Agbanisíṣẹ́ yóò san 10,000 yúàn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó báni wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sì san 5,000. Ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni ẹ́jẹ́ǹtì tìrẹ jókòó sí. Ta ni yóò wá mú un níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá dá padà sílé, wọn kò ní jẹ́ kó tún wọ orílẹ̀-èdè náà fún ọdún 1 sí 5.

Ọ̀nà iṣẹ́ gidi ti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà ọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ tọrọ ìwé ìfitónilétí àṣẹ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba ibẹ̀, orúkọ rẹ àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ yóò sì wà lára rẹ̀. Ìwé yẹn ni wàá mú lọ gba físà Z. Kí ìwé náà tó jáde, wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ àti ìwé ọlọ́pàá tó fi hàn pé o kò dá ọ̀ràn rí, àwọn wọ̀nyí sì ní láti gba òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wa ní Àbújá, kí àwọn aṣojú ìjọba Ṣáínà tó wà nílé wa tó fi òǹtẹ̀ tiwọn náà sí i. Bí o bá ti fi Z wọlé, ọjọ́ 30 péré ni o ní láti lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjèjì, kí wọ́n fún ọ ní ìwé àṣẹ ìgbélùú.

Ní ti iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, n kò ní tàn ọ́. Dígírì àti ìrírí ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè, wọ́n sì tún fẹ́ ẹni tó wá láti orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè abínibí. Pé Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ̀wé ní gbogbo ọ́fíìsì ìjọba Kwara kò sọ wá di ọ̀kan nínú wọn lójú wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí mo mọ̀ tí wọ́n rí ìwé yìí gbà lọ́nà tó tọ́, àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ gboyè ni, tàbí àwọn tó ń kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, físà oníṣòwò ló fi wọlé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́. Ní ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ yà síbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin sọ fún wọn pé òbí ni, pé ó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé ni. Máákà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí obìnrin yẹn ń sọ̀rọ̀. Àtìmọ́lé ni wọ́n ti gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ìrẹsì tó sè sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo bá a dà á nù.

Nítorí náà, padà lọ bá ẹ́jẹ́ǹtì náà, kí o ní kó fi ìwé ìfitónilétí tó ní nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ hàn ọ́. Bí ó bá ní ìyẹn kò tíì kàn, kí o dìde.

Ìyá kan, Òkèlẹ́lẹ́, Ìlọrin: Ọmọ mi ọkùnrin lọ ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ó lè di ọjọ́ mẹ́ta tí WhatsApp rẹ̀ kò ní wọlé rárá, ìgbà tó bá sì máa pè, àárọ̀ kùtù tí mi ò tíì kírun ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Èsì: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìjọba Ṣáínà ló ti ojú ọ̀nà WhatsApp pa, bí wọ́n ṣe ti ti Facebook, Google àti YouTube pa. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó níbẹ̀ yóò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tí wọ́n ń pè ní VPN, ọ̀nà náà a máa là lónìí, a sì máa dí lọ́la, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan nílé bá yín fi WeChat sórí fóònù yín. Òun ni gbogbo wọn ń lò níbẹ̀, kì í sì í dí. Ó lè béèrè pé kí ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ fi fóònù tirẹ̀ jẹ́rìí sí i pé èèyàn gidi ni yín. Kí ọmọ yín ṣe ìyẹn láti ọ̀hún.

Ní ti àsìkò, wákàtí méje ni wọ́n fi ṣáájú wa. Bí ẹ bá ń lọ kí ìrun Súbúhì ní aago márùn-ún ààbọ̀, aago kan ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni lọ́dọ̀ ọmọ yín, ó ti jẹun ọ̀sán tán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti gbé orí lé tábìlì, wọ́n ń sùn. (Òótọ́ ni mo ń sọ: ní ọ́fíìsì wa, wọn a pa iná lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oníkálukú a fa tìmùtìmù kékeré yọ lábẹ́ tábìlì, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀lẹ.) Ìdí nìyẹn tó fi ń pè yín láàárọ̀ kùtù. Aago méjì ọ̀sán tiwa náà dára, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin kan, Àjàṣẹ́-Ìpo: Mo ti rí físà Z mi gbà, mà. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ kì í fọwọ́ kan owó mọ́. Báwo ni mo ṣe máa ra oúnjẹ ọjọ́ àkọ́kọ́?

Èsì: Mo bá ọ yọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ sún mọ́ òótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo bá ìyá arúgbó kan tó ń sun ànàmọ́ nínú àgbá lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ọ̀fà rárá. Mo na owó sí i. Ó mi orí, ó sì nàka sí páálí kékeré tó so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwòrán onígun mẹ́rin tó kún fún tótòtó dúdú àti funfun ló wà lára rẹ̀. Fóònù ni wọ́n ń tọ́ sí i, owó á sì kúrò ní àpò tìrẹ bọ́ sí tirẹ̀. Kò ní ṣéńjì, bẹ́ẹ̀ ni kò wá a. Báńkì àpapọ̀ wọn ti kìlọ̀ pé kí ontàjà má kọ owó yúàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà mú owó díẹ̀ dání, ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Kí o tó kúrò nílé, fi Alipay àti WeChat, tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, sórí fóònù rẹ, kí o ya àwòrán páásípọ́ọ̀tù rẹ sí i bí wọ́n bá ṣe ní kí o ṣe. Láti 2023 ni wọ́n ti mú kó rọrùn fún àjèjì láti so káàdì Visa tàbí Mastercard ìlú rẹ̀ mọ́ wọn. Bi báńkì rẹ léèrè bóyá káàdì rẹ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, kó má lọ jẹ́ pé ìdí ànàmọ́ ni wàá ti mọ̀. Ìyẹn ni wàá fi jẹun títí owó oṣù yóò fi bẹ̀rẹ̀, torí pé báńkì ibẹ̀ ni wọn yóò máa san owó oṣù rẹ sí.

Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an rèé: orúkọ. Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí páásípọ́ọ̀tù mi. Ní báńkì, wọ́n kọ orúkọ ìdílé ṣíwájú, wọ́n sì fi àlàfo sáàárín. Ní ibi tí mo ti ra nọ́ńbà fóònù, wọ́n fi orúkọ ìdílé kásẹ̀, wọ́n sì lẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ni. Kọ̀ǹpútà wò ó, ó ní ènìyàn méjì ni wá, kò sì jẹ́ kí n so báńkì mọ́ fóònù. Ìgbà mẹ́rin ni mo lọ, mo sì tún pàdánù ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí ọmọbìnrin kan tó jókòó sí kàǹtà tó mú bírò, kó kọ àwọn lẹ́tà náà sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa ka iye àlàfo tó wà láàárín wọn sókè. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ rẹ, dúró tì wọ́n, kí o sì rí i pé bí ó ṣe wà ní páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ ọ́, láìyọ lẹ́tà kan, láìfi kan kún un.

Má sì jẹ́ kí bátìrì kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lóde. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, tí owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti yúàn 2, fóònù ni. Oúnjẹ, fóònù ni. Ìwé tí o fi ń wá ọ̀nà ilé, fóònù ni. Wọ́n máa ń fi bátìrì yá ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ fóònù tí kò tíì kú tán ni wọ́n fi ń yá a.

Ọmọ Àáfà kan, Ìlọrin: Iṣẹ́ lè gbé mi lọ sí Guangzhou. Ìrun kíkí àti oúnjẹ ló ń dà mí láàmú. Ṣé mo lè kó oúnjẹ lọ láti ilé?

Èsì: Ti ìrun kọ́ ni kó dà ọ́ láàmú, ìlú náà ti mọ Ìsìláàmù kí wọ́n tó tẹ Ìlọrin dó. Mọ́sálásí Huaisheng wà láàárín ìlú, ilé ìpèrun rẹ̀ ga tó bíi mítà 36, ó rọra rí bí òpó funfun kan tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ lára. Mọ́sálásí kejì tí àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀ sí lọ́jọ́ Jímọ̀ wà lẹ́bàá ibojì tí ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ wọn sọ pé ti Saʿd ọmọ Abí Waqqás, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ni. Àwọn onímọ̀ ìtàn ń jiyàn lórí ìyẹn, àmọ́ kò dí èrò lọ́wọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ ni Jímọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fún ọ láyè nítorí rẹ̀. Ohun tó gbà wá ni pé àsìkò rẹ̀ máa ń bọ́ sí ìsinmi ọ̀sán tí àwọn yòókù fi ń sùn.

Oúnjẹ ló gba ìṣọ́ra. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọ inú ohun púpọ̀ tí kò hàn sójú, ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n fi ń dín ẹ̀fọ́ ní ilé oúnjẹ mìíràn. Kọ́ àmì méjì yìí kí o tó lọ: 清真. Bí o bá rí i lókè ilẹ̀kùn, hàláàlì ni wọ́n ń tà. Àwọn Mùsùlùmí tó wá láti agbègbè Qinghai àti Gansu ló ni púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú fìlà funfun lórí wọn. Ọkùnrin kan á fa ìyẹ̀fun pípò gùn tó apá rẹ̀ méjèèjì, á ká a pọ̀, á tún fà á, títí yóò fi di okùn tín-ín-rín inú omi ọbẹ̀ ẹran màlúù. Ebi kò ní pa ọ́ níbikíbi tí àwọn wọ̀nyí bá wà. Bí ọkàn rẹ bá fa òkèlè, ìyẹ̀fun ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ ni àwa ń rò nínú omi gbígbóná. Kì í ṣe àmàlà, ṣùgbọ́n ó gba ọbẹ̀. Ní àdúgbò Xiaobei, wàá rí ilé oúnjẹ àwọn ọmọ Áfíríkà pẹ̀lú.

O lè kó gààrí àti èlùbọ́ lọ. Wọ́n tú tèmi wò ní pápákọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n sì fún mi padà. Ẹran lóríṣiríṣi, tútù tàbí sísè, àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, òfin wọn kò gbà á láyè nínú ẹrù, nítorí náà fi kílíṣí àti wàrà Ìlọrin sílẹ̀ fún àwọn ará ilé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o má bá ẹnikẹ́ni gbé páálí tí o kò dì fúnra rẹ, kódà kí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹni tó bá gbé heróìn tó tó gíráàmù 50, láti ẹ̀wọ̀n ọdún 15 títí dé ikú ni ìdájọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ẹjọ́ "mi ò mọ̀" kì í sì í lọ jìnnà.

Ìyàwó ilé kan, Òmù-Àrán: Ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi àti ọmọ fẹ́ lọ bá a. Ó ní àwọn onílé kan kọ̀ fún òun nítorí àwọ̀ òun. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ kí n dúró sílé?

Èsì: Ẹ gba ọkọ yín gbọ́, mà. Mo ti tẹ̀lé ẹni tó ń báni wá ilé lọ wo yàrá kan rí, tí onílé rí mi láti orí àtẹ̀gùn, tó sì sọ pé ọmọ òun ti padà dé, yàrá kò sí mọ́. Yàrá náà ṣì wà lójú fèrèsé ẹni tó ń báni wá ilé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà àrùn kòrónà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà jáde kúrò nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou, àwọn kan sùn síta, títí ìjọba Nàìjíríà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn fi fi ẹ̀hónú hàn. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé tí mo padà rí, ìyá àgbà kan ni, ọdún márùn-ún ni mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láìsí ìjà.

Ẹ múra owó sílẹ̀: owó ilé oṣù kan, pẹ̀lú ti oṣù méjì tí onílé yóò dì mú títí ẹ ó fi kúrò, ni àṣà tó wọ́pọ̀ ní Guangzhou. Láàárín wákàtí 24 tí ẹ bá wọ ilé náà, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò, kí ẹ mú ìwé àdéhùn ilé àti páásípọ́ọ̀tù dání. Ìgbà tí ẹ bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì nìkan ni wọn yóò bá yín ṣe é. Bí ẹ bá rìnrìn àjò wá sílé tí ẹ sì padà, ẹ tún lọ béèrè bóyá kí ẹ tún un ṣe. Ìwé pélébé tí wọn yóò fún yín ni báńkì, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú yóò máa béèrè, nítorí náà ẹ máa fi sínú páásípọ́ọ̀tù.

Wọn yóò wò yín nínú ọkọ̀, wọn yóò ya yín ní fọ́tò, àwọn ìyá àgbà yóò fọwọ́ kan irun ọmọ. Èmi kì í bínú sí àwọn ìyá àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò láìbéèrè ni mo máa ń yíwọ́ sí lójú. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ "nèige, nèige", ẹ má rò pé èébú ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ ni, bí àwa náà ṣe ń sọ pé "kiní, kiní yẹn". Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bínú sí ọ̀gá mi lórí rẹ̀.

Òǹkàwé kan, Ọ̀rọ̀: Ṣé òtútù ibẹ̀ le?

Èsì: Guangzhou kì í yìnyín bí Beijing, ṣùgbọ́n òtútù tirẹ̀ ló ń ṣe ọmọ ènìyàn jù. Ìjọba máa ń gbé ooru wọ inú ilé àwọn ará àríwá. Ní Beijing, láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹta ni. Àwọn tó wà ní gúúsù kò ní irú rẹ̀, bí òtútù bá ṣe wà níta ló ṣe wà lórí bẹ́ẹ̀dì, omi sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ra aṣọ ìbora oníná ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo gbé tèmi wálé, ó ṣì wà lórí àpótí. Ọyẹ́ Ìlọrin kò tíì le tó o.